Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lórí Àga Ìwàásù: Àwọn Oníwàásù Krìstẹ́nì àti Wàhálà Ìdìbò Ọdún 1993

Ìfáàrà
Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 1993, àwọn ọmọ Nàìjíríà dìbò yan ààrẹ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida wọ́gi lé ìbò tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ń léwájú nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, ọdún 1998. Kí ni àwọn ìjọ gbọ́ láti orí àga ìwàásù ní gbogbo àkókò náà?

Ọ̀nà tí wàásù gbà
Àwọn kan la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Abíọ́dún Adétilóyè, olórí Ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà nígbà náà, wà lára wọn. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní tiwọn kọ àdúrà fún Nàìjíríà tó wà nínú ìpọ́njú, àwọn ìjọ sì ń kà á pọ̀ nígbà Máàsì.

Ṣùgbọ́n Òfin Kejì ọdún 1984 ṣì ń ṣiṣẹ́. Òfin náà fún ìjọba lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Nítorí èyí, ìtàn Bíbélì di ibi ìsádi fún oníwàásù. Ẹ wo ìtàn Áhábù àti Nábótì (1 Àwọn Ọba 21): ọba ṣojúkòkòrò sí ohun olóhun, ayaba wá ẹlẹ́rìí èké, wòlíì sì lọ bá ọba wí. Ẹni tó bá fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wàásù kò nílò láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìjọ ni yóò fi orúkọ sí i. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindin.

Ẹni tó gbà pé ká tẹrí ba fún ìjọba ní Róòmù 13 lọ́wọ́. Ẹni tí kò gbà bẹ́ẹ̀ ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5:29.

Àgbálọgbábọ̀
Ẹni tó bá ń wá orúkọ Abacha nínú ààbọ̀ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lónìí lè sọ pé ìjọ dákẹ́. Àṣìṣe ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti béèrè pé: ẹsẹ wo ni wọ́n kà, lọ́jọ́ wo, àwọn wo ló sì jókòó gbọ́? Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní àádọ́ta báyìí. Ká gba ohùn wọn sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù.