Láti Ìwo Zonophone Dé Kọ̀ǹpútà Agoè-Nyivé: Ìtàn Àkókò Tí Míkísì Orin Ń Gbà

Míkísì ni iṣẹ́ tó ń sọ àwọn ohùn tí a gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ di orin kan ṣoṣo. Ẹnjiníà ni yóò pinnu bí ìlù yóò ṣe dún sókè tó, bóyá apá òsì ni gìtá yóò wà tàbí apá ọ̀tún, ohun tí a ó gé kúrò lára báàsì kí ohùn olórin lè ráyè, àti bí gbohùn-gbohùn yóò ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn àwọn elégbè. Ní àwọn sítúdíò kéékèèké tó wà ní Agoè-Nyivé, ní ìhà àríwá Lomé, olú-ìlú Togo, iṣẹ́ yìí lè gba ọ̀sán kan lórí orin kan, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kì í gba ìṣẹ́jú kan pàápàá, nítorí pé kò sí i rárá. Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni àsìkò tí wọ́n ń ṣe ìpinnu lórí ohùn. Tẹ́lẹ̀, kí olórin tó yanu ni wọ́n ti ń pinnu. Bí ẹ̀rọ ṣe ń dára sí i ni ìpinnu ń sún sẹ́yìn ìgbàsílẹ̀, wákàtí míkísì náà sì ń pọ̀ sí i.

Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá-bàbá Fẹlá olórin Afrobeat, kọ orin 43 ní London fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Kò tíì sí mikirofóònù nínú iṣẹ́ àwo orin nígbà náà. Iwájú ìwo ńlá kan ni olórin máa ń dúró sí, afẹ́fẹ́ ẹnu rẹ̀ ni yóò gbọn abẹ́rẹ́ tó ń fín ìlà sára ìda. Bí ohùn ẹnìkan bá le jù, wọn yóò ní kó sún sẹ́yìn. Bí ti ẹlòmíràn bá rọ̀, wọn yóò fà á súnmọ́ ìwo náà. Ibi tí oníkálukú dúró sí ni ó ń pinnu bí wọn yóò ṣe gbọ́ ọ. Ojú àwo kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Tí àṣìṣe bá wọ inú rẹ̀, kò sí àtúnṣe, àfi kí wọ́n mú ìda mìíràn kí wọ́n sì tún orin náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti 1925 ni mikirofóònù àti agbára iná ti wọ iṣẹ́ náà. Ẹnjiníà lè lo mikirofóònù méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì máa fi ọwọ́ yí bọ́tìnì wọn bí orin ti ń lọ. Ìpinnu ti kúrò ní kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ó ti di ti àsìkò tí orin ń lọ lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olórin bá dákẹ́, iṣẹ́ ti parí.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Cotonou, ní àwọn ọdún 1970, ẹgbẹ́ Orchestre Poly-Rythmo gba ọ̀pọ̀ orin sílẹ̀ lórí Nagra, ẹ̀rọ téèpù kékeré tí wọ́n ṣe ní Switzerland, pẹ̀lú mikirofóònù tí kò ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Àwọn tó ń gba orin náà sílẹ̀ ní láti mọ ibi tí wọn yóò gbé ìlù sí àti ibi tí onífèrè yóò dúró sí kí téèpù tó máa yí. Nígbà tí owó bá wà, Adissa Séïdou tó ni ilé àwo Albarika Store a kó wọn lọ sí sítúdíò EMI ní Èkó, níbi tí ẹ̀rọ ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Téèpù olójú-ọ̀nà púpọ̀ ni ó sọ míkísì di iṣẹ́ tó dá dúró. Ní 1957, ilé-iṣẹ́ Ampex ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ olójú-ọ̀nà mẹ́jọ àkọ́kọ́ lé onígìtá Les Paul lọ́wọ́. Ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lè gba ohùn kan láìkan èkejì, ó sì ṣeé parẹ́ kí a tún un kọ. Ìtàn àwọn Beatles ní London fi ohun tí èyí mú wá hàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 1963, wọ́n kọ orin mẹ́wàá láàárín ọjọ́ kan lórí ẹ̀rọ olójú-ọ̀nà méjì. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni míkísì àwo náà sì gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n ń ṣe *Sgt. Pepper*, láti ìparí 1966 wọ inú 1967, ojú ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ní, wọ́n sì lo oṣù mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú sítúdíò, torí pé ohun gbogbo ti ṣeé fi pamọ́ fún ìpinnu ọjọ́ iwájú.

Èkó náà rí ìyípadà yìí. Ní 1973, Paul McCartney àti ẹgbẹ́ Wings wá ṣe *Band on the Run* ní sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road, Àpápá. Ojú ọ̀nà mẹ́jọ ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ní. Nígbà tí wọ́n padà dé London, wọ́n da téèpù Èkó kọ sórí ẹ̀rọ olójú-ọ̀nà 16 ní sítúdíò AIR, kí àyè lè wà fún ohùn tuntun kí wọ́n tó parí iṣẹ́. Orin tí wọ́n fi ojú ọ̀nà mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ ní Àpápá di orin tí wọn yóò fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ tò ní ìlú mìíràn.

Ní ti Togo, Paris ni àwọn olórin ńlá ibẹ̀ máa ń lọ láti kọ orin wọn. Ibẹ̀ ni akọrinbìnrin Bella Bellow ti gba àwọn àwo rẹ̀ sílẹ̀, kí jàǹbá ọkọ̀ tó pa á ní oṣù Kejìlá 1973. Lẹ́yìn náà ni Lomé ní sítúdíò olójú-ọ̀nà púpọ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú Office Togolais du Disque, tí àwọn ènìyàn ń pè ní OTODI. Àwọn olórin láti Gánà, Kóńgò àti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlú náà láti ṣe àwo wọn.

Lomé ni wọ́n ti gba orin *Juju Music* sílẹ̀, àwo tí King Sunny Adé ṣe fún ilé-iṣẹ́ Island ní 1982, tó sì gbé jùjú dé etí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Martin Meissonnier, ará Faransé, ni ó ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà. Godwin Logie, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà tó ń bá Island ṣiṣẹ́, ni ó wà nídìí míkísì. Iṣẹ́ tó wà níwájú wọn kò kéré. Ẹgbẹ́ Sunny Adé ní gìtá tó pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ta orin kékeré tirẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ó ní gìtá pedal steel tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta, ó ní báàsì, dùùrù, sẹ̀kẹ̀rẹ̀, elégbè àti gángan. Ohùn gángan àti ohùn ọkùnrin tó ń kọrin ń pàdé lójú kan náà, síbẹ̀ gángan ń sọ̀rọ̀. Bí gìtá bá bo dídún sókè àti sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀, ìlù náà yóò ṣì máa dún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sọnù. Ẹni tó bá ń míkísì jùjú ní láti wá àyè fún ìlù bí ó ṣe ń wá àyè fún olórin, ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú.

Gígùn orin tún dá kún un. Lórí ẹ̀rọ téèpù, kò sí bí ẹnjiníà ṣe lè míkísì orin ìṣẹ́jú 20 láìjẹ́ pé ó gbọ́ ìṣẹ́jú 20 náà tán. Bí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wákàtí kan ti lọ, láìka àkókò tí téèpù fi ń yí padà sẹ́yìn. Ní Èkó, jùjú sábà máa ń gba odindi ojú àwo kan. Orin méje ni *Juju Music* gbé sórí ojú àwo méjì. Orin kúkúrú fún ẹnjiníà láàyè láti gbìyànjú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́pọ̀ ìgbà. Meissonnier àti Logie lo àyè yẹn láti mú ọgbọ́n dub ti Jàmáíkà wọ inú jùjú: wọ́n gbé báàsì síwájú, wọ́n sì fi gbohùn-gbohùn sára ìlù. Míkísì ti kúrò ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lásán, ó ti di apá kan nínú dídá orin.

Ọdún 1982 yẹn kan náà ni Bruce Swedien ń míkísì "Billie Jean" ti Michael Jackson ní Los Angeles. Swedien fúnra rẹ̀ sọ pé òun ṣe míkísì 91 lórí orin náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ wọn padà, ìkejì ni wọ́n mú. Ní àsìkò yẹn, àwọn míkísà ńlá, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe míkísì, ti ń lo kọ̀ǹpútà láti rántí bí ọwọ́ ẹnjiníà ṣe gbé fédà, bọ́tìnì tó ń pinnu bí ohùn ṣe lọ sókè tó, sókè àti sódò, nítorí náà àtúnṣe rọrùn ju ti ìṣáájú lọ. Bí àtúnṣe ṣe rọrùn tó ni ó ń fa ẹni lọ sínú àtúnṣe mìíràn.

Ẹni tó ń pinnu náà ṣe pàtàkì bí iye wákàtí. Nígbà tí Fẹlá wà lẹ́wọ̀n ní 1985, ilé-iṣẹ́ Celluloid gbé téèpù *Army Arrangement* fún Bill Laswell, ó sì míkísì rẹ̀ láìsí Fẹlá níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn ẹ̀rọ tuntun àti ọwọ́ àwọn olórin mìíràn. Inú Fẹlá kò dùn sí i nígbà tó gbọ́ ọ. Ìran ìwo Zonophone kò lè dojú kọ irú ìjà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó lè yí orin padà lẹ́yìn tí olórin bá ti dákẹ́.

Ní àwọn ọdún 1990, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ téèpù. Pro Tools, ètò kọ̀ǹpútà fún gbígba ohùn sílẹ̀ àti títò ó, jáde ní 1991. FruityLoops, tí a wá mọ̀ sí FL Studio, tẹ̀lé e ní 1997. Díẹ̀díẹ̀, iye ojú ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ààlà mọ́. Owó tó ń ra míkísà ńlá kan lè kọ́ ilé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbèéká, káàdì ohùn, mikirofóònù kan àti sípíkà méjì kò ju agbára ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ní Lomé, inú àsìkò yìí ni ẹgbẹ́ olórin Toofan ti yọ ní 2005. Ìlú ti ń fẹ̀ lọ sí àríwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Tsévié, Agoè-Nyivé sì ti kúrò ní abúlé Éwé, ó di àdúgbò ńlá tó ní préfecture tirẹ̀. Sítúdíò tẹ̀lé àwọn ènìyàn lọ síbẹ̀: yàrá kan nínú ilé, tí wọ́n fi fóòmù tàbí aṣọ nípọn bo ògiri rẹ̀ kí ìró ọjà àti alùpùpù má bàa wọlé.

Iná mànàmáná pẹ̀lú wà lára ohun tó ń pinnu wákàtí. Ó pẹ́ tí Togo ti ń ra iná láti ìsédò Akosombo ní Gánà, nígbà tí omi ibẹ̀ sì fà ní 1998, òkùnkùn gba Lomé. Ẹ̀rọ amúnáwá tuntun tó lè pèsè mégáwáàtì 100 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lomé ní 2010. Síbẹ̀, ẹnjiníà tó gbọ́n kì í jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá láìfi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà lè tẹ orin ìṣẹ́jú mẹ́rin jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣáájú títẹ̀ jáde kò kúrú. Fún orin tó ní bí ogójì ojú ọ̀nà, wákàtí kan tàbí méjì ni yóò lọ sórí títò wọ́n, fífún wọn lórúkọ àti gígé ariwo tí kò wúlò. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì àkọ́kọ́ lè gba wákàtí kan. Ṣíṣe àyè fún báàsì, ìlù àti gìtá lè gba wákàtí mẹ́ta. Ohùn olórin nìkan lè gba méjì, nítorí pé Éwé àti Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn: tí ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe bá fa ọ̀rọ̀ kan sókè jù, ìtumọ̀ rẹ̀ lè yí padà. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gbọ́ orin náà nínú ọkọ̀ àti lórí fóònù, tí olórin yóò sì ní kí wọ́n tún èyí tàbí tọ̀hún ṣe. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ọjọ́ kan sí méjì ni ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ń yà sọ́tọ̀ fún orin kan.

Ẹ̀rọ kò lè ti ààlà kan sẹ́yìn, ìyẹn ààlà etí. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà gbà pé ènìyàn lè gbọ́ ìró tó tó dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Bí ìró náà bá fi mẹ́ta lé, àkókò náà a dín sí ìdajì. Ní dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 94, wákàtí kan péré ló kù. Etí tó ti rẹ̀ kì í gbọ́ ìró tínrín dáadáa mọ́, ẹnjiníà a sì máa fi kún un láìmọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ kan yóò wá nílò àtúnṣe òwúrọ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà pẹ̀lú ìsinmi láàárín lè tètè parí ju ẹni tó jókòó fún méjìlá.

Àwọn kan ti mọ̀ọ́mọ̀ dá ìpinnu padà sí iwájú. Peter Solo, ọmọ Togo tó ń darí ẹgbẹ́ Vaudou Game, padà lọ sí sítúdíò OTODI ní Lomé láti ṣe àwo tó jáde ní 2018, ó sì fi *Otodi* pe àwo náà. Wọ́n ṣe é lórí ẹ̀rọ àtijọ́, níbi tí ojú ọ̀nà ti ní iye, tí ẹgbẹ́ sì ní láti mọ orin wọn dunjú kí téèpù tó yí. Ọ̀nà méjèèjì ló wà ní Lomé lónìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní orin tó yẹ ẹ́. Orin tí wọ́n ti tò dáadáa kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó mọ́ àti ìlù tí wọ́n ti fà le bó ṣe yẹ, kì í gba ẹnjiníà lákòókò púpọ̀. Èyí tí wọ́n fi ohun gbogbo sílẹ̀ fún ẹ̀yìn ọ̀la ni ó ń gba ọ̀sẹ̀.