Máìlì àti Kìlómítà Nínú Aago Ọkọ̀

Ẹ ti mọ nọ́ńbà kà báyìí. Ọ̀rọ̀ òní dá lórí nọ́ńbà tí ènìyàn lè kà dáadáa, síbẹ̀ kí ó ṣì í lọ́nà.

Ẹ wo iwájú dẹ́rẹ́bà nínú ọkọ̀. Aago kan wà níbẹ̀ tí ó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Ojú kékeré kan tún wà lára rẹ̀ tí ó ń ka gbogbo ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ti rìn. Bí ọwọ́ aago bá dúró lórí 50, 50 kí ni?

Ní 1889 àti 1898, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé àdéhùn pín ilẹ̀ wa. Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ọ̀yọ́ àti Ṣakí bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wa kò yí padà, òṣùwọ̀n ni ó yí padà. Faransé mú kìlómítà wá, tí í ṣe 1,000 mítà. Gẹ̀ẹ́sì mú máìlì wá, tí í ṣe nǹkan bí 1,609 mítà. Ọmọ ìyá méjì lè rin ọ̀nà kan náà, kí nọ́ńbà wọn má bára mu.

Wọn kò tún gba apá kan náà wakọ̀. Lọ́dọ̀ wa, apá ọ̀tún ni. Ní Nàìjíríà, apá òsì. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà bọ́ sí apá ọ̀tún. Gánà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1974. Láàárín àwọn ọdún 1970 náà ni Nàìjíríà fi máìlì sílẹ̀ fún kìlómítà. Ṣùgbọ́n aago inú ọkọ̀ Bedford àti Morris tí wọ́n ṣe ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́ nípa òfin. Ó ń ka máìlì tirẹ̀ lọ.

Ẹ rí ewu tí ó wà níbẹ̀? Pátákó ní kí a má kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Dẹ́rẹ́bà mú ọwọ́ aago rẹ̀ dúró lórí 50, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Máìlì ni aago ń kà! Eré 80 kìlómítà ni ó ń sá, ọmọdé sì wà lójú títì.

Báwo ni a ṣe ń yí irú aago bẹ́ẹ̀ padà? Wáyà kan ti inú jíà wá, ó ń yí bí ọkọ̀ ti ń rìn. Ó ń yí òòfà kan nínú aago. Òòfà náà kò fọwọ́ kan ife alumíníọ́mù kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fà á tẹ̀ lé ara rẹ̀. Sípíríǹgì tín-ín-rín ń fa ife náà padà. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ni ọwọ́ aago ń dúró sí. Otto Schulze, ará Jámánì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1902.

Nítorí náà, ti eré kò le: a ó fi ojú tuntun sí aago, 80 yóò wà níbi tí 50 wà tẹ́lẹ̀. Ti ọ̀nà tí ọkọ̀ ti rìn ni ó le. Bí wáyà bá ń yí ní ìgbà 1,000 fún máìlì kan, nǹkan bí ìgbà 621 ni fún kìlómítà kan. Àfi kí a pààrọ̀ jíà wẹ́wẹ́ inú aago. Ẹni tí ó pààrọ̀ ojú nìkan yóò rin 161 kìlómítà, aago rẹ̀ yóò ka 100 péré. Ẹni tí ń ra ọkọ̀ àlòkù, tí ó rí 60,000, kí ó bèèrè: ti máìlì ni, àbí ti kìlómítà? Bí ó bá jẹ́ ti máìlì, ọkọ̀ náà ti rìn ju 96,000 kìlómítà lọ. Àwọn ọkọ̀ tí ń ti Amẹ́ríkà gba Kutonu wọlé ṣì ń ka máìlì.

Táyà náà ń dá sí i. Táyà tí ó tóbi ju ti àtilẹ̀bá lọ máa ń mú kí aago sọ eré tí ó kéré sí òótọ́.

Ẹ lè dán aago wò lójú ọ̀nà tí ó tọ́, tí kò sí èrò. Kí dẹ́rẹ́bà mú ọwọ́ aago dúró lórí 60. Kí ẹlòmíràn tí ó ní aago ọwọ́ wo ìṣẹ́jú-àáyá láti òkúta kìlómítà kan dé èkejì. Bí ó bá jẹ́ 60, aago òtítọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ 75, eré 48 ni ọkọ̀ ń sá. Bí ó bá jẹ́ 37, ẹ tètè wo ojú aago náà dáadáa: máìlì ni.