Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ àti àwọn oníṣègùn wèrè

Ní ọjà Sayédèrò, Ìlaròó, bí ẹ bá béèrè asofẹ́yẹjẹ lọ́wọ́ lẹ́kùlẹ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ bi yín pé, “Ta lẹ fẹ́ lò ó fún?” Orúkọ igi náà dùn: ó ń so kí ẹyẹ lè rí jẹ. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Òun ni àwọn oníṣègùn wèrè wa máa ń fún aláìsàn tí kò sùn, tó ń sáré kiri ìgboro. Onítọ̀hún á bì, á yàgbẹ́, lẹ́yìn náà á sùn fọnfọn.

Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Rauvolfia vomitoria. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní Íńdíà. Inú ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ Ciba ti yọ oògùn reserpine jáde ní 1952. Reserpine yìí wà nínú tiwa náà. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Aro, Abẹ́òkúta, kọ ọ́ sínú ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà ń fi gbòǹgbò yìí wo wèrè.

Aro kan náà ni Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní 1954. Kò ti aláìsàn mọ́lé. Abúlé mẹ́rin tó yí ọsibítù ká ló fi wọ́n wọ̀ sí, ẹbí kan á sì tẹ̀ lé aláìsàn wá láti máa se oúnjẹ fún un. Ó tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́. Ọkàn akin nìyẹn, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà kò fẹ́ bá adáhunṣe jókòó!

A mọ Lambo, a mọ Prince, a mọ Ciba. Àwọn tó ń gbo gbòǹgbò náà ńkọ́? Nínú ìtàn tí gbogbo wa ń sọ, “àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀” lásán ni wọ́n. Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n o. Àwọn kan ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ de aláìsàn, wọ́n ń nà wọ́n. Àmọ́ wọ́n mọ ìwọ̀n oògùn, ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ sílẹ̀ máa ń bá olówó rẹ̀ wọ ilẹ̀ ni. Reserpine ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì lè mú kí ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó bá pa á pọ̀ mọ́ oògùn ọsibítù lè ṣubú lulẹ̀.

Nígbà tí èmi fúnra mi lọ bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ìyá tó ń tà á wò mí.

“Bàbá, ṣé ẹ ti lo oògùn ọsibítù láàárọ̀ yìí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ má bínú, sà.” Kò tà á fún mi.