Ta Ló Mọ Iye Gọ́tà Ẹnu Ọ̀nà Wa?

Tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò ní Mile 2, tẹ́ ẹ ń lọ sí Seme, ẹ ó kọjá Agbara, ẹ ó kọjá Mowo kẹ́ ẹ tó dé Àgbádárìgì. Mowo ò tóbi, ṣùgbọ́n ìjọba mẹ́ta ló yẹ kó máa náwó síbẹ̀. Títì ńlá tó gba ìlú náà kọjá, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ilé ẹ̀kọ́ girama wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀nà inú àdúgbò, gọ́tà, ọjà àti gáréèjì, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní káńsù.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó jìnnà sí wa jù lọ la tètè ń mọ iye owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé àtúnṣe títì Agbara sí Seme fún ilé-iṣẹ́ CGC. Kìlómítà 46 ni, owó rẹ̀ sì jẹ́ bíi 63 bílíọ̀nù náírà. Ẹ pín in: ó lé ní 1.3 bílíọ̀nù náírà fún kìlómítà kan. Ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lọ́wọ́ ní Mowo lè ṣe ìṣirò yìí, kó sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó bóyá iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tó owó náà. Gọ́tà ẹnu ọ̀nà ilé wa wá ńkọ́? Èló ni? Ta ló gbà á ṣe? Ìgbà wo ló yẹ kó parí? Ó ṣòro ká tó rí ẹni tó máa dáhùn. Báwo ni èyí tó sún mọ́ wa ṣe wá ṣókùnkùn ju èyí tí wọ́n ti Àbújá gbé jáde? Ká lè mọ̀, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Láyé àtijọ́, kò sí kọngílá. Bí igbó bá bo ọ̀nà odò, wọ́n á lu agogo, kálukú á gbé àdá jáde. Ẹni tí kò bá wá á san owó ìtanràn. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó sá, torí pé ojú gbogbo wọn ló ṣe. Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ ìjọba òyìnbó ní 1863. Díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ ìlú di ohun tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú fún, tí akọ̀wé á sì ná owó náà nínú ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni ìwé ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ni owó ò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ná an, ìwé ló gbọ́dọ̀ bá a dúró.

A sì ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìwé bá kàn jẹ́ ìwé lásán. Láàárín 1974 sí 1975, owó epo pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba Gowon. Wọ́n ra bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì láti òkè òkun, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ológun nìkan ló sì ra bíi 16 mílíọ̀nù nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sìmẹ́ńtì tí èbúté Èkó lè já lọ́dún kan ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ. Ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò sójú òkun Èkó, sìmẹ́ńtì ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìjọba sì ń san owó ìdádúró. Ìyá tó ń ta gaàrí ní ọjà Àgbádárìgì máa ń bi ara rẹ̀ kó tó lọ ra ọjà pé, èló ni mo nílò, ibo ni màá kó o sí? Ìbéèrè méjì yẹn ló sọnù. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon ní oṣù Keje 1975, àwọn tó gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀ sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì náà.

Ní 1976, ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ tò káàkiri orílẹ̀-èdè, ó sì di ìpele kẹta ìjọba. Ìwé òfin 1999 wá to iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, ọ̀nà àdúgbò, iná ojú pópó, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ìwé òfin yìí kan náà ló ní kí owó káńsù gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Iṣẹ́ wà lọ́rùn káńsù, kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èkó mọ bọ́rọ̀ yìí ṣe le tó. Ní 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 di 57. Àgbádárìgì di mẹ́ta: Badagry, Badagry West àti Ọlọ́rundá. Inú bí ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì dá owó gbogbo káńsù Èkó dúró ní 2004. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ààrẹ ò láṣẹ láti dá owó náà dúró, àmọ́ pé àwọn káńsù tuntun ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ á fi ṣe ipa tirẹ̀. Àwọn àgbà ń jà, owó gọ́tà sì ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Láàárín gbogbo èyí, òfin ríra ọjà ń dára sí i. Ní 2000, Báǹkì Àgbáyé yẹ bí Nàìjíríà ṣe ń ra ọjà wò, ohun tí wọ́n rí ò sì dùn mọ́ni. Ìjọba Ọbásanjọ́ dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ láti máa yẹ iye owó iṣẹ́ wò. Oby Ezekwesili ló darí rẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń pè é ní Madam Due Process. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 2007, Ààrẹ Yar'Adua fọwọ́ sí òfin ríra ọjà ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011.

Bí òfin 2007 ṣe là á sílẹ̀ nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ kéde iṣẹ́ náà. Àwọn tó fẹ́ ṣe é á kọ iye wọn, wọ́n á lẹ àpòòwé pa. Wọ́n á ṣí i lójú gbogbo ẹni tó wá, àwọn ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba á sì wà níbẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ká iṣẹ́, ni wọ́n á gbé e fún. Wọ́n á tọ́jú ìwé rẹ̀ fún ọdún 10, ó kéré tán. Òfin náà mọ ọgbọ́n àwọn ọlọ́gbọ́n pẹ̀lú. Ká ní iṣẹ́ tó bá ju iye kan lọ gbọ́dọ̀ gba ìkéde kọjá, kí ẹnì kan wá gé gọ́tà kan ṣoṣo sí mẹ́rin kí ìkọ̀ọ̀kan má bàa tó iye náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ṣe é, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ló kéré jù, kò sáyè pé kó san owó dípò ẹ̀wọ̀n.

Àwa tá a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun mọ ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Bí mẹ́wàá nínú wa bá jọ ń ṣe iṣẹ́ kan, kò sí ìlà kan tó máa yí padà tí orúkọ ẹni tó yí i àti ọjọ́ tó yí i ò ní sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé a ń fura síra wa o. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, a fẹ́ mọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa dé ọwọ́ káńsù tààrà. Ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ̀lé ìdájọ́ yẹn pátápátá, "owó ò dé ọwọ́ wa" ò ní tà mọ́. Ṣùgbọ́n owó tó dé ọwọ́ káńsù ò tíì di gọ́tà. Kò sí ilé ẹjọ́ tó lè bá wa ka ìwé káńsù wa.

Òfin Òmìnira Ìròyìn ti wà láti 2011. Ẹnikẹ́ni ló lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Ní oṣù Kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà kan gbogbo ìpele ìjọba, ó kan káńsù náà.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Mowo, Ìbèrèkó tàbí ìlú yòówù tẹ́ ẹ ti ń kà á, ìbéèrè mẹ́rin péré ni lẹ́tà náà nílò. Iṣẹ́ wo lẹ gbé jáde ládùúgbò wa lọ́dún yìí? Ta lẹ gbé e fún? Èló ni? Ìgbà wo ló máa parí? Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí ẹ̀dà tiyín, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 7. Nígbà tí wọ́n ń fi àdá ṣán ọ̀nà odò, ojú ìlú ló ń ṣọ́ iṣẹ́. Lónìí, inú ìwé ni ojú yẹn wà, ó ń dúró de ẹni tó máa béèrè fún un.