Ìwé Aláwòrán Tí Kò Jẹ́ Kí Ìtàn Doctor Who Parẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Ní 1963 ni BBC ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n nípa arìnrìn-àjò tó ń ti ìgbà kan bọ́ sí òmíràn. Ní 1964, ìtàn aláwòrán rẹ̀ jáde nínú TV Comic. Ní 1979, Doctor Who Weekly gba iṣẹ́ náà. Eré dáwọ́ dúró ní 1989. Yàtọ̀ sí fíìmù kan ní 1996, kò padà títí di 2005; ṣùgbọ́n ìtàn aláwòrán kò sinmi.

Pat Mills, John Wagner àti ayàwòrán Dave Gibbons ló dá Beep the Meep sínú ìwé ní 1980. Ní 2023, ó dé orí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ti padà wá bọ́ ìyá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fojú yẹpẹrẹ wo ìwé aláwòrán.