Ọjọ́ Ayé Ìkarahun Ọta

Ní pápá gbalasa àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, láàárín 1872 sí 1883, iṣẹ́ ọdẹ kì í parí nígbà tí ẹfọ̀n bá ṣubú. Tí wọ́n bá ti bó awọ tán, tí wọ́n ti sá a sórí koríko, tí oúnjẹ alẹ́ sì ti wọkùn, ọdẹ á jókòó sí àgọ́, á da àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ìkarahun idẹ àwọn ọta tó ti yìn láti àárọ̀ á tú jáde wooro. Á fọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ti ìṣáná àná jáde ní ìdí wọn, á fi tuntun rọ́pò, á bu ẹ̀tù sínú wọn, á wá fi òjé tó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ́ dé wọn lẹ́nu. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìkarahun àná ti di ọta òní.

Owó ló fa gbogbo làálàá yìí. Títà ni wọ́n ń ta awọ ẹfọ̀n náà, gbogbo ọta tí wọ́n bá sì rà ní tuntun láti ilé iṣẹ́ ń jẹ lára èrè wọn. Àwọn oníṣòwò tó tẹ̀lé àwọn ọdẹ lọ kọ́ ìsọ̀ sí Adobe Walls ní Texas ní 1874 mọ ohun tí oníbàárà ń wá: ẹ̀tù àti òjé. Méjèèjì kò wọ́n tó ọta tí wọ́n ti kì parí. Idẹ ló gbówó lórí, idẹ náà ló sì ṣeé lò padà.

Ìgbà mélòó wá ni ìkarahun kan ṣeé tún kì? Ìbéèrè tí ọdẹ yẹn ń bi ara rẹ̀ létí iná ni àwọn tó ń tún ọta kì ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ṣì ń bi ara wọn títí dòní. Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Inú ìtàn ohun tó ń pa idẹ ló wà, ìyìn nìkan kọ́ ló sì ń pa á.

Ìkarahun ọta ní ìdí, ó ní ikùn, ó sì ní ọrùn. Ìdí rẹ̀ nípọn, ibẹ̀ ni ìṣáná kékeré tí òòlù ìbọn ń gbá wà. Ikùn ni ẹ̀tù ń gbé. Ọrùn ló di òjé mú. Bí ẹ̀tù bá gbaná, idẹ á wú, á lẹ̀ mọ́ ògiri ihò ìbọn pinpin, kí èéfín àti iná má baà padà sójú ẹni tó yin ìbọn. Kí a tó ṣẹ́jú, á tún sún kì díẹ̀, kó lè ṣeé fà jáde. Àpòpọ̀ bàbà 70 nínú 100 àti síǹkì 30 ló mọ iṣẹ́ yìí ṣe jù, òun náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ṣì ń lò. Ó rọ̀ tó láti wú, ó sì le tó láti padà sí ipò rẹ̀.

Kí wọ́n tó mọ èyí, ojú rí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn Snider wọlé ní 1866, ọ̀gágun Boxer tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ ọta ní Woolwich ṣe ìkarahun kan fún un. Kì í ṣe odindi idẹ. Idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé ni wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n wá so mọ́ ìdí tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀.

Snider yìí dé ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìbọn tí wọ́n ń kì láti ìdí wà lára ohun tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sílé, Snider sì wà láàárín wọn. Ìró ìbọn tó ń lu òkè ní kì-rì-jì ni àwọn àgbà sọ pé ó fún ogun náà lórúkọ. Ọ̀pọ̀ jagunjagun Ìbàdàn tó wà lẹ́yìn Ààrẹ Látòóṣà ṣì ń lo ṣakabùlà nígbà náà, ohun tí àwọn ọmọ ogun Ògèdèńgbé, olórí ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, gbé wá sì dẹ́rù bà wọ́n gidigidi. Àmọ́ ṣakabùlà ní àǹfààní tirẹ̀: kò nílò ìkarahun. Bí ẹ̀tù bá wà, tí òkò irin sì wà, ó ti tó. Ìbọn tuntun kò gba irú ìyẹn. Kátíríìjì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti Èkó gba ọ̀nà Oǹdó wá, bí kò bá sì dé, ọ̀pá lásán ni ẹni tó ni ín gbé dání. Ìkarahun tí wọ́n ká bí ẹní yẹn pàápàá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tún kì lọ títí. Bó bá ti wú lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣe tirẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn jìyà rẹ̀. Wọ́n gbé irú ìkarahun kan náà sínú ìbọn Martini-Henry tí wọ́n gbà wọlé ní 1871. Ní Abu Klea ní Sùdáànì, oṣù Ṣẹẹrẹ 1885, ìbọn gbóná, iyanrìn wọ̀ ọ́, ìkarahun ń há. Ẹ̀rọ ìbọn á fa ìdí já, ìyókù á sì lẹ̀ sínú, nígbà tí ọ̀tá ti dé ìwọ̀n apá sí wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yí pátápátá sí ìkarahun odindi idẹ tí kò ní ojú ìsopọ̀.

Bàbà ni ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Bàbà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ìkarahun ọta ìbọn Springfield ti 1873, bàbà sì rọ̀ jù: bó bá wú, ó máa ń lọ́ra láti padà. Láti ìgbà tí Custer, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti ṣègbé ní Little Bighorn ní oṣù Okúdù 1876 ni àríyànjiyàn ti wà, bóyá ìkarahun tó há ló pa wọ́n. Iná jó koríko ojú ogun náà ní 1983, àwọn awalẹ̀pìtàn sì wọlé ní 1984, wọ́n ń ṣa ìkarahun, wọ́n ń fi àpá òòlù ìbọn tó wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ìbọn tó yìn ín. Díẹ̀ péré nínú àwọn ìkarahun náà ló ní àpá ọ̀bẹ tàbí ìfàya tó fi hàn pé ó há. Ọ̀rọ̀ bàbà kò tó gba Custer sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi.

Ilé iṣẹ́ ọta ìjọba ní Frankford, ní Philadelphia, ló wá sọ títún-ọta-kì di iṣẹ́ ológun. Láti 1877 ni wọ́n ti ń tẹ oṣù àti ọdún sí ìdí ìkarahun, lẹ́tà F sì wà níbẹ̀ fún Frankford. Láàárín àwọn ọdún 1880, ìkarahun tó ṣeé tún kì dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì fún àwọn ẹgbẹ́ ológun ní irinṣẹ́ kí wọ́n máa fi kì í fún ìdárayá ìbọn yínyìn. Ohun kan wà níbi yìí tó ń pani lẹ́rìn-ín. Berdan, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe irú ìdí ìkarahun tó ní ihò kéékèèké méjì nínú. Boxer, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe èyí tó ní ihò kan ṣoṣo láàárín, tí abẹ́rẹ́ lásán lè fi ti ìṣáná jáde. Ti Berdan ni Yúróòpù mú, Amẹ́ríkà sì mú ti Boxer. Ìdí nìyí tí títún-ọta-kì fi rọrùn ní Amẹ́ríkà, tó sì le ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1884, John Barlow dá ilé iṣẹ́ Ideal sílẹ̀ ní New Haven, ó ń ta irinṣẹ́ tó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, tó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ náà lórí tábìlì ilé ìdáná. Àwọn tó wá fi hàn pé ìkarahun lè pẹ́ jù bí ènìyàn ṣe rò lọ ni àwọn eléré ìdíje Schützen, eré tí àwọn ará Jámánì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà gbé lọ́wọ́. Ìkarahun kan ṣoṣo ni ẹlòmíràn ń gbé lọ síbi ìdíje. Á fi òjé wọ inú ìbọn láti ẹnu, á bu ẹ̀tù sínú ìkarahun, á yìn ín, á fà á yọ, á tún bù ú. Ìkarahun kan náà ní gbogbo ọjọ́, ní gbogbo ọdún. Harry Pope, gbajúgbajà nínú iṣẹ́ ọ̀pá ìbọn, mọ àṣà yìí dáadáa. Ìbọn tí Pope fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀pá rẹ̀ ni C. W. Rowland fi yin ọta 10 ní 1901 láti 200 yáàdì, tí àwọn ihò náà kò fẹ̀ tó íǹṣì kan.

Kí ló dé tí ìkarahun ọ̀hún kì í kú? Ihò ìbọn yẹn gan-an ló gbà á mọ́ra, kò sí ẹni tó ń fún un pọ̀ padà lẹ́yìn ìyìn, ẹ̀tù rẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀nba. Idẹ tí a kò fún, tí a kò nà, kò ní ìdí láti sán.

Ẹ̀tù tí kò léèéfín ló da ayé rú. Paul Vieille ṣe é ní Faransé ní 1884, nígbà tó sì fi di àwọn ọdún 1890, gbogbo ilẹ̀ ló ń lò ó. Ní Frankford, ìkarahun bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ bí ìkòkò ní ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n bá kì í. Wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé mẹ́kúrì inú ìṣáná ni. Láyé ẹ̀tù dúdú, ìdọ̀tí ẹ̀tù máa ń gbé ọ̀pọ̀ mẹ́kúrì náà lọ. Ẹ̀tù tuntun kò ní ìdọ̀tí, mẹ́kúrì sì wọ inú idẹ lọ tààrà. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, wọ́n ti mú ìṣáná mìíràn jáde, èyí tí kò ní mẹ́kúrì. Àmọ́ iyọ̀ ló ń fi sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn, iyọ̀ sì ń jẹ irin. Wọ́n gba ìkarahun là, wọ́n fi ìbọn sí ìpẹta. Ìgbà tí àwọn ará Jámánì mú ìṣáná Sinoxid jáde ní àwọn ọdún 1920 ni méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́.

Ti Íńdíà tún yàtọ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ ń kó ọta sí ilé ẹṣin nígbà òjò. Kò sẹ́ni tó yìn ín, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń là. Wọ́n pè é ní ìsán àsìkò, nítorí pé àsìkò òjò ló ń ṣẹlẹ̀. Ní 1921 ni Moore, Beckinsale àti Mallinson tẹ ìwádìí tó tú àṣírí rẹ̀ jáde: ìtọ̀ ẹṣin ń tú amóníà sínú afẹ́fẹ́, amóníà sì ń wọ idẹ tí ìnira tí wọ́n fi rọ ọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fi iná dẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n rọ ọ́ tán, ìnira náà á kúrò. Àwọ̀ búlúù tó máa ń wà lọ́rùn ìkarahun ológun títí dòní, àmì iná yẹn ni. Ilé iṣẹ́ tó ń tà fún aráàlú ń nù ún kúrò kó lè dán.

Asùdẹ kankan kò ní ya ẹnu sí èyí: idẹ tí a ń lù láìfi iná kàn án á le, á sì sán. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọrùn ìkarahun. Ìyìn á nà án, irinṣẹ́ á fún un padà, ìyìn á tún nà án, títí tí yóò fi là. Ẹni tó bá ń fi iná dẹ ọrùn náà lóòrèkóòrè á rí i kó pẹ́. Ìdí nìkan ni iná kò gbọ́dọ̀ dé, nítorí ìdí tó bá rọ̀ léwu fún ojú ẹni tó dì í mú.

Ikú kejì, ìsàlẹ̀ ikùn ló ti ń wá, díẹ̀ sókè ìdí. Bí àyè bá pọ̀ jù nínú ihò ìbọn, ìkarahun á gùn díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yìn ín, idẹ ibẹ̀ á sì máa tín-ín-rín. Ráífù Lee-Enfield ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ń tún ọta kì ń ráhùn sí jù lórí èyí. Wọ́n ṣe ihò rẹ̀ gbayawu kí ọta tí ẹrẹ̀ bá dì mọ́ lójú ogun lè wọlé, ológun kò sì ka ìkarahun tó ti yìn sí. Ẹni tó bá wá ń fún ìkarahun náà pọ̀ pátápátá kó tó tún un kì lè rí i kó já sí méjì lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mélòó kan. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti idẹ.

Bí wọ́n bá ń ka iye lónìí, ìkarahun ráífù ọdẹ tí ẹ̀tù rẹ̀ kò pọ̀ jù ń lo ìgbà 5 sí 10, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń rọ ẹ̀tù kún un dé góńgó, ihò ìṣáná á ti fẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ìṣáná kò ní dúró mọ́. Ọta àtijọ́ bíi .45-70, tí agbára rẹ̀ rọ̀, lè lo ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹni tó ni ín á ti gbàgbé kíkà. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í wo iye nìkan. Wọ́n ń wo òrùka dídán tó yí ìsàlẹ̀ ikùn ká, wọ́n sì ń fi wáyà tí wọ́n tẹ̀ lórí wá kòtò níbẹ̀ láti inú. Bí wáyà bá ti kọ́, wọn kì í bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ìkarahun tó kú kò sì kúkú parí síbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí bàbà wọ́n, Fred Huntington ní Oroville ní California ṣe irinṣẹ́ kan ní 1943 tó ń sọ òfìfo ìkarahun ọta .22 di aṣọ tí wọ́n ń fi bo òjé. Ibẹ̀ ni RCBS, ilé iṣẹ́ irinṣẹ́ títún-ọta-kì, ti wá. Ní ọdún kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà fi irin tí wọ́n fi síǹkì bò tẹ owó sẹ́ǹtì kan, kí bàbà lè tó fún ológun. Láti 1944 dé 1946 ni wọ́n padà sí idẹ, àwọn ìkarahun ọta tí ológun ṣà padà sì wà lára ohun tí wọ́n yọ́ fún un. Ẹni tó bá ní sẹ́ǹtì ọdún wọ̀nyẹn nílé, tí orí Lincoln wà lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkarahun tó ti yìn rí ló dì mọ́wọ́.