Ẹni Tọ́wọ́ Rẹ̀ Bá Dilẹ̀ Ni Kó Mú Un

Kí n tó di olùkọ́ ìṣirò, télọ̀ ni mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Àwa mẹ́ta la máa ń jókòó sídìí máṣìnì, òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá wa sì fi ń pín iṣẹ́: ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ dilẹ̀ ni kó mú aṣọ tó kàn. Ní alẹ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí ìnáwó ku ọ̀la, a ti rán gbogbo bùbá àti ṣòkòtò tán kí agbádá ńlá kan tó kàn mí. Àwọn méjì yòókù káwọ́ gbera, wọ́n ń wò mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Inú bí mi sí ọ̀gá wa. Bó bá jẹ́ pé agbádá la fi ṣíwájú, gbogbo wa ì bá ti tètè sùn.

Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó ti ọ̀rọ̀ náà ní Murray Hill, ìpínlẹ̀ New Jersey l'Amẹ́ríkà, ní Bell Labs, ilé ìwádìí iléeṣẹ́ tẹlifóònù. Ronald Graham lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Taft, ní California, lọ́dún 1935, ó sì wọ Bell Labs lọ́dún 1962. Ọkùnrin yìí mọ bọ́ọ̀lù jù sókè léraléra láìjẹ́ kí ìkankan bọ́, débi pé ó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tí ń dá irú àrà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1966, ó tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú Bell System Technical Journal lórí bí a ṣe ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ní lọ́kàn. Òfin ọ̀gá mi gan-an ló sì ń yẹ̀ wò.

Òfin náà ti pẹ́ láyé. Ìbéèrè Graham ni tuntun, èyí tí kò sẹ́ni tó bi í rí ní ṣọ́ọ̀bù wa: bí òfin yìí bá máa burú, ibo ni burúkú rẹ̀ mọ? Ká ní àwa mẹ́ta la wà, aṣọ kéékèèké 6 wà nílẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba wákàtí 1, agbádá kan sì wà tó gba wákàtí 3. Bí kéékèèké bá ṣíwájú, wákàtí 2 la ó fi rán wọn, agbádá yóò gba 3 sí i, ó di 5. Bí ẹnì kan bá ti mú agbádá látìbẹ̀rẹ̀, 3 péré ni. Graham fi hàn pé fún èèyàn mẹ́ta, kò lè burú ju 5 sí 3 yìí lọ láé, àti pé bó ti wù kí òṣìṣẹ́ pọ̀ tó, kò ní í tó ìlọ́po méjì.

Mo fẹ́ràn ẹ̀rí rẹ̀ púpọ̀. Ẹ wo aṣọ tó parí gbẹ̀yìn. Kí wọ́n tó mú un, kò sí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀ rí, torí bó bá wà, òun ni ì bá mú un. Gbogbo máṣìnì ló ti ń lọ láìsinmi títí di ìgbà yẹn, kò sì sí ọgbọ́n tó lè mú kí gbogbo iṣẹ́ náà parí ṣáájú ìgbà yẹn. Ó wá ku aṣọ kan ṣoṣo yẹn, òun náà ò sì ṣeé rán ní àkókò tó kéré sí iye tó gbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, ńṣe ni mo dìde dúró.

Ó tún ní àpẹẹrẹ kan tí mo máa ń ṣírò lójú pátákó fáwọn ọmọ kíláàsì mi. Iṣẹ́ 9 ni, àwọn kan ò sì ṣeé bẹ̀rẹ̀ àfi bí òmíràn bá tán, bí a kì í ti í ṣiṣẹ́ ọrùn sára agbádá tí a kò tíì gé. Ẹ̀rọ 3 parí rẹ̀ ní wákàtí 12. A fi ẹ̀rọ kẹrin kún un, ó di 15! Ọwọ́ kẹrin ló tètè la ọ̀nà fáwọn iṣẹ́ kúkúrú, wọ́n sì gbawájú mọ́ èyí tó gùn jù lọ́wọ́.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Cook ní Toronto lọ́dún 1971 àti Karp ní Berkeley lọ́dún 1972, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, torí àwọn ló jẹ́ ká mọ ìdí tí irú iṣẹ́ báyìí fi ṣòro fún kọ̀ǹpútà láti pín ní pípé. Lójú tèmi, Graham ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1969 ó tún fi hàn pé bí a bá ń mú èyí tó gùn jù ṣíwájú, àṣìṣe èèyàn mẹ́ta kò ní í ju 11 sí 9. Ẹjọ́ mi rèé, mo wí lọ́kàn ara mi, mo ti jàre.

Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó lè mú èyí tó gùn jù ṣíwájú, ó gbọ́dọ̀ ti rí gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dún 1985, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Sleator àti Tarjan gbé ẹni tó ń pinnu láìmọ ohun tó ń bọ̀ sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ẹni tó ti rí gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1989, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Faigle, Kern àti Turán, wá fi hàn pé fún òṣìṣẹ́ 2 tàbí 3, kò sí òfin kankan, láìṣẹ́ kèké, tó lè dáàbò boni ju ti Graham lọ bí a kò bá mọ iṣẹ́ tó ń bọ̀.

Mo gba Mọ́kọ́lá lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì rán ọ̀gá mi létí agbádá ọjọ́ sí. Ó ronú díẹ̀.

"Agbádá yẹn? Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé aṣọ rẹ̀ dé. Ìwọ ń rán bùbá lọ́wọ́, o ò gbójú sókè."